ORÍ KẸRIN: ÀKỌSÍLẸ̀ ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀ NÍNÚ ILÉ, NÍNÚ ẸGBẸ́ ÀTI NÍ IBI IṢẸ́

Èrèdí orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí parí, ó gbọ́dọ̀ lè:

(a) sọ ohun tí àkọsílẹ̀ jẹ́, kí ó sì ya àkọsílẹ̀ ara ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹgbẹ́;
(b) ṣàlàyé bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ìwé tó dé;
(d) sọ ìtàn bí ìwé Samuel Johnson ṣe sọnù, àti ohun tí ó mú kí a tún rí i kà;
(e) tọ́ka sí àbùdá àkọsílẹ̀ tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀lé;
(ẹ) ṣe ètò ìpamọ́ ìwé fún ilé tàbí ẹgbẹ́ kékeré kan.

4.1 Ohun tí àkọsílẹ̀ jẹ́

Àkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀, orúkọ, iye owó, àwòrán tàbí ohùn tí a fi pamọ́ sára ohun tí ó lè pẹ́, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lè mọ̀ ọ́n bí ó ti rí gan-an. Nínú ìtumọ̀ yìí, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí jù lọ. Nítorí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ lè rántí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ tí ẹjọ́ dé iwájú rẹ̀, akápò tuntun tí ó gba ipò lọ́wọ́ èyí tí ó di olóògbé, àti ọmọ tí a kò tíì bí ní ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ra ilẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè gbé ara lé bí kò ṣe èyí tí a kọ sílẹ̀ dè wọ́n.

Àkọsílẹ̀ ara ẹni ni èyí tí ó jẹ mọ́ ẹnì kan tàbí ìdílé kan: ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, káàdì ilé ìwòsàn, rìsíìtì ohun tí a rà. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tàbí ti iléeṣẹ́ ni èyí tí àwọn ènìyàn tí ó para pọ̀ ṣe nǹkan ń pa mọ́: ìwé ìṣirò owó, àkọsílẹ̀ ìpàdé, rẹ́jísítà àwọn ọmọ ẹgbẹ́, lẹ́tà tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde.

Kò tọ́ kí a rò pé àwọn baba ńlá wa kò mọ ìpamọ́ ọ̀rọ̀ kí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó dé. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni a yàn láti máa ka ìtàn àwọn Aláàfin láti orí ọba kan dé orí èkejì. Àwọn babaláwo há odù 256 sórí pẹ̀lú àwọn ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ wọn, iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ọmọ awo. Oríkì orílẹ̀ ń sọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí a fi mọ̀ wọ́n láàárín ìlú. Àrokò sì ń jíṣẹ́ fún ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Orúkọ pàápàá jẹ́ àkọsílẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́ Abíọ́dún, Babátúndé tàbí Abógundé ti mọ nǹkan kan nípa àkókò tí ọmọ náà wá sáyé, bí kò tilẹ̀ mọ ìyá rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n orí ahọ́n ni púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí wà, ahọ́n a sì máa bá ẹni tí ó ni ín lọ. Bí àgbà kan bá kú láìkọ́ ọmọ, ohun tí ó mọ̀ ti bá a wọlẹ̀.

4.2 Àkọsílẹ̀ ara ẹni

Ọjọ́ ìbí ni ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí a bí kí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tó rinlẹ̀ ní ilẹ̀ wa kò lè sọ ọjọ́ orí wọn láìjẹ́ pé wọ́n so ó mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan: ọ̀kan á ní òun ń rá ní ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 jà, òmíràn á ní oyún òun wà nínú ìyá òun ní ọjọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, èyí tí í ṣe ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní ìwé ìbí ni a ní kí wọ́n na ọwọ́ gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òdì-kejì. Ọwọ́ tí kò bá kàn án, ọlọ́wọ́ rẹ̀ á padà sílé di ọdún tí ń bọ̀. Títí di òní, ẹni tí kò ní ìwé ìbí á lọ sí kóòtù láti ṣe ìwé ìbúra ọjọ́ orí, bẹ́ẹ̀ ni òfin 69 ti ọdún 1992 ti sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan, tí ó sì fi iṣẹ́ náà lé àjọ ètò ìkànìyàn lọ́wọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́, ojú ewé òfìfo tí ó wà níwájú Bíbélì ńlá ni baba ilé máa ń kọ ìbí àwọn ọmọ sí: orúkọ, ọjọ́, wákàtí, orúkọ àlùfáà tí ó ṣe ìrìbọmi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, kí ó wo tádàwà dáadáa. Ti àkọ́bí á ti ṣá, á ti pọ́n bí ìpẹtà. Ti èyí tí ó tẹ̀ lé e á mọ́ díẹ̀. Ti àbígbẹ̀yìn, tí a fi bírò kọ, á ṣì dúdú kirikiri. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá náà á sì ti yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó fi iyì fún ojú ewé náà, nítorí ó jẹ́rìí pé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ni a kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé tádàwà kan náà àti ọwọ́ kan náà ni a fi kọ ìbí ọmọ méje tí a bí láàárín ogún ọdún, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè pé ìgbà wo ni a jókòó kọ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Nígbà kan rí, pẹ̀règún ni a fi ń pààlà, ẹ̀rí àwọn àgbà àdúgbò sì tó láti parí ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà dá ní ọdún 1976, a la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀ tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn àbáláyé, ìwé tí ó fi ẹ̀tọ́ hàn, lílo ilẹ̀ náà bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tí ó dá a dúró, gbígbé orí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó fi ara kàn án, nígbà tí ó bá hàn pé ẹni kan náà ni ó yẹ kí ó ni méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé òfin kò kọ ìtàn ẹnu. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu ń fẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́, bí ìdílé méjì bá sì sọ ìtàn méjì, iṣẹ́ adájọ́ le. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la: ẹni tí ó ra ilẹ̀ lónìí tí ó gba rìsíìtì, tí ó mú ẹlẹ́rìí wá, tí ó jẹ́ kí sọfẹ́yọ̀ wọn ilẹ̀ náà, tí ó sì tún wá ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀ (C of O) lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣe é fún.

Nípa ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sí àlàyé púpọ̀ láti ṣe. Ọjọ́ tí a bá nílò wọn ni a ń mọ iyì wọn, ọjọ́ náà kì í sì í fún ni ní ààyè láti wá wọn kiri.

4.3 Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́

Ibi tí owó ẹni púpọ̀ bá ti pọ̀ mọ́ra ni àkọsílẹ̀ ti ń gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìfura. Àpẹẹrẹ tí kò ṣàjèjì sí ọmọ ọlọ́jà kankan ni káàdì àjọ. Páálí kékeré ni, tí a fa ilà sí, tí ojú ọjọ́ 31 wà lórí rẹ̀. Bí alájọ bá ti gba owó ọjọ́ kan ní ìsọ̀ oníbàárà, á fi bírò sàmì sí ojú ọjọ́ náà lórí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà, á sì sàmì kan náà sínú ìwé ńlá tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé kiri. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni owó iṣẹ́ alájọ. Ẹ̀dà méjì ni àkọsílẹ̀ yìí ní, ọwọ́ ẹni méjì tí ire wọn kò dọ́gba ni ó sì wà. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì wà; bí ẹnì kan bá fi àmì kún tirẹ̀, ti ẹnì kejì yóò tú u fó. Ìyá oníṣòwò tí kò mọ̀wé rárá lè ka káàdì rẹ̀ láìṣì.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 1935, gbòòrò ju èyí lọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ni ó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé: ọjọ́, àwọn tí ó wá, àbá tí a dá, ẹni tí ó dá a, ẹni tí ó gbè é lẹ́yìn, àti ohun tí a fẹnu kò sí. Akápò ni ó ń tọ́jú owó. Ó dára kí ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ má jẹ́ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ó ń náwó tí ó sì ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé kọ̀ọ̀kan, a ó ka àkọsílẹ̀ ti ìpàdé tí ó kọjá sókè. Bí àṣìṣe bá wà, a ó tún un ṣe ní ojú gbogbo ènìyàn, alága yóò sì fọwọ́ sí i. Kíka àkọsílẹ̀ sókè yìí kì í ṣe àṣà lásán, nítorí láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe akọ̀wé nìkan mọ́.

Ìjọba pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà, tí a tún ṣe ní ọdún 2020, pa á láṣẹ kí iléeṣẹ́ pa ìwé ìṣirò owó rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni a sì fi fún iléeṣẹ́ náà láti dáhùn. Òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n náà kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún kan.

4.4 Àpẹẹrẹ ńlá: ìwé ìtàn Samuel Johnson

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ mọ̀ nípa àkọsílẹ̀ ju ti ìwé tí a fi ń mọ ìtàn Yorùbá fúnra rẹ̀. Samuel Johnson, tí a bí ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846, ṣe iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ní Ìbàdàn, ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà. Ó wà lára àwọn tí ó ń rìn láàárín àwọn ọmọ ogun láti wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì, tí a fi ṣe àdéhùn ní ọdún 1886. Ó rí i pé àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn ń kú tán, ẹ̀rù sì bà á pé ìtàn ilẹ̀ baba wa yóò di ohun ìgbàgbé. Nítorí náà ó jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó jókòó ti David Kúkọ̀mì ní Ìbàdàn àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó ń béèrè, ó ń kọ, títí ó fi parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1897.

Ní 1899, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ oníwàásù kan. Ìwé náà kò tún padà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900 tí ó sì lọ bá òǹtẹ̀wé náà, èsì tí ó gbà kò ju pé ìwé ti ṣì ní ipò lọ, a kò rí i, òǹtẹ̀wé sì ṣetán láti san owó rẹ̀. Kí ni a lè fi díwọ̀n owó ìtàn odindi ìran kan? Ní oṣù Kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson jáde láyé láìfi ojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí àtẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tí ó ránṣẹ́ nìkan ni ó kọ, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Johnson fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ sílé, ìyẹn ìwé tí ó ń kọ nígbà tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, pẹ̀lú àwọn abala tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó dà á kọ dáadáa. Láti inú ìwọ̀nyí ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Kò yá a lára, nítorí iṣẹ́ náà pọ̀, ìbànújẹ́ sì wà níbẹ̀; ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916, ó fi ìwé tuntun náà sínú ọkọ̀ Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń jà lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà pípẹ́ kọjá kí ìdì ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, láìbàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti dì í. Ọ̀wọ́n pépà tún dá a dúró. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ro ọ̀ràn yìí dáadáa. Ẹni tí ó kọ ọ́ kú kí ó tó jáde, ẹni tí ó tún un kọ náà kú kí ó tó jáde, síbẹ̀ ìwé náà wà ní ibi ìkàwé lónìí. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ tí a kò kó dànù ni ó gba iṣẹ́ náà là.

4.5 Àkọsílẹ̀ wo ni ó ṣe é gbẹ́kẹ̀lé?

Ìlànà àgbáyé lórí ìtọ́jú àkọsílẹ̀, ISO 15489, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2001 tí a sì tún ṣe ní 2016, sọ àbùdá mẹ́rin. Ojúlówó ni àkọsílẹ̀ tí ó jẹ́ ti ẹni tí a ní ó kọ ọ́, ní ìgbà tí a ní ó kọ ọ́. Olóòótọ́ ni èyí tí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíkún. Aláìyingin ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò yọ nínú rẹ̀ tàbí fi kún un lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́ tán. Àrílò ni èyí tí a lè rí nígbà tí a bá ń wá a, tí a sì lè kà.

Àpẹẹrẹ méjì yóò jẹ́ kí àbùdá wọ̀nyí yé wa. Ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, bẹ̀rẹ̀ láti 1808, àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú: orúkọ, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú dá, gíga, àti àmì ara, títí kan ilà ojú. Àwọn orúkọ tí ó wà nínú rẹ́jísítà náà lé ní 80,000. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ láàárín àwọn tí ó sọ̀kalẹ̀ ní èbúté náà. Ibẹ̀ ni Àjàyí ọmọ Òṣòògùn, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ti sọ̀kalẹ̀ ní ọdún 1822. Etí àjèjì ni ó gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, ọwọ́ àjèjì ni ó kọ ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọ́. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn ń pe orúkọ náà sókè fún àwọn tí ó gbọ́ èdè, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ mọ ìlú tí a ti kó wọn. Àkọsílẹ̀ tí kò pé ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn igba ọdún.

Ní Brazil, òdì-kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ọdún 1890, lẹ́yìn ọdún méjì tí oko ẹrú ti dópin ní ilẹ̀ náà, mínísítà ètò ìṣúná, Rui Barbosa, pàṣẹ pé kí a kó àwọn ìwé ẹrú tí ó wà ní ọ́fíìsì ìjọba jọ kí a sì dáná sun wọ́n. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé ohun tí ó fà á ni kí àwọn tí ó ti ní ẹrú tẹ́lẹ̀ má baà rí ìwé gbé wá láti fi béèrè owó gbà-má-bínú. Bí èrò náà ti lè dára tó, ó di àdánù fún àwọn ọmọ Nàgó, ìyẹn àwọn tí ó ti ìran Yorùbá wá, ní Bahia àti ibòmíràn tí ń wá orírun wọn. Ìwé ìrìbọmi ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, tí iná náà kò dé, ni púpọ̀ nínú wọn ń tú wò lónìí.

4.6 Ìtọ́jú àkọsílẹ̀

Ikán, òjò, iná àti àìbìkítà ni ọ̀tá ìwé. Nígbà tí Kenneth Onwuka Dike, onímọ̀ ìtàn, yí Nàìjíríà ká láàárín 1951 sí 1953 láti wo ipò tí ìwé ìjọba wà, ó bá ọ̀pọ̀ níbi tí kòkòrò àti ọ̀rinrin ti ń jẹ wọ́n. Ìròyìn tí ó kọ ni ó mú kí ìjọba dá ọ́fíìsì ìpamọ́ ìwé sílẹ̀ ní 1954, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ọ́fíìsì náà ni a mọ̀ lónìí sí Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè, tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Enugu àti Kaduna.

Fún ilé àti ẹgbẹ́ kékeré, ètò tí ó tó kò le. Kí a kọ nǹkan ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀. Kí a ya fáìlì sọ́tọ̀sọ́tọ̀, kí a kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ìwé tuntun wà lókè. Kí àpótí ìwé má ṣe kanlẹ̀, kí ó má ṣe fara ti ògiri tí ó tutù. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé mìíràn, nítorí ẹ̀dà méjì tí ó wà nínú àpótí kan náà, iná kan ni yóò jó méjèèjì. Bí a bá ya ìwé náà sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ó dára, òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì gba irú rẹ̀ ní kóòtù bí a bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù a máa jábọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà a sì máa di ìgbàgbé, nítorí náà kí a má tìtorí rẹ̀ sọ ojúlówó ìwé nù. Ó kéré tán, kí ẹni méjì nínú ilé mọ ibi tí ìwé wà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni a ń pa mọ́ láéláé. Ìmúkúrò ni yíyọ ìwé tí àkókò rẹ̀ ti kọjá kúrò. Ìpàdé ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí a sì kọ orúkọ ohun tí a mú kúrò àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀, òfin ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé kò sí lára ohun tí à ń mú kúrò.

4.7 Kókó orí yìí

Nítorí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ níyì ju èyí tí a rántí kọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀dà méjì ní ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń ṣọ́ ara wọn. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ kì í ṣe pàǹtírí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: arọ́kin, àkọsílẹ̀ ìpàdé, aláìyingin, ìmúkúrò?
2. Ọ̀nà márùn-ún wo ni ẹjọ́ 1976 là sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀? Èwo nínú wọn ni kò nílò ìwé?
3. Ṣàlàyé bí káàdì àjọ ṣe ń dáàbò bo oníbàárà àti alájọ lẹ́ẹ̀kan náà.
4. Ìgbà mélòó ni ewu dé bá ìwé Samuel Johnson kí ó tó jáde? Sọ ohun tí ó yọ ọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Fi rẹ́jísítà Freetown wé àṣẹ Brazil ti 1890, kí o sì sọ èwo nínú àbùdá mẹ́rin àkọsílẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn.
6. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan gbàgbé láti kọ ìpàdé oṣù mẹ́ta, ó sì jókòó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀nà wo ni ẹgbẹ́ lè gbà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?
7. Lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù nínú ìdílé rẹ. Béèrè orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti wá, àti ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ń lọ nígbà tí a bí i. Kọ ọ́ níwájú rẹ̀, kà á sí i létí kí ó lè tún àṣìṣe ṣe, kọ ọjọ́ sí i, kí o sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún un.